Ọ̀rá Dúdú

Wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀. Ọmọkùnrin á wọlé, á ra Panadol ẹyọ méjì, á bèèrè iye ọṣẹ tí kò fẹ́ rà, á máa wo títì, á tún máa wo fóònù. Ìgbà tí Àlàájà tó wá ra oògùn orí fífọ́ bá jáde tán ni yóò tó sún mọ́ káńtà, tí ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ yáwó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní... ìyẹn."

"Èwo ni ìyẹn?"

"Ìyẹn náà, mà."

Orúkọ tí mo ti gbọ́ fún kọ́ńdọ́ọ̀mù lẹ́nu àwọn oníbàárà mi kò lóǹkà. Rọ́bà. Fìlà. Réńkóòtù. Àwọn kan á ní Gold Circle, kódà tó bá jẹ́ oríṣi mìíràn ni wọ́n nawọ́ sí, bí a ṣe ń pe gbogbo núdùlù ní Indomie. Bàbá kan tó ti ní ọmọ-ọmọ wà tó jẹ́ pé "ẹrù mi" ló ń pè é: "Ṣé ẹrù mi dé?" Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kì í yí padà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó kàn nawọ́, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń parí ẹ̀ sí: "Ẹ bá mi fi sínú ọ̀rá dúdú."

Ọdún 2009 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, níbi tí ọmọ yunifásítì àti onílé ti jọ ń bára wọn gbé. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Dókítà. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò kàwé dókítà, pé oògùn orí káńtà nìkan ni ìwé àṣẹ mi gbà mí láyè láti tà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ọsibítù kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi ti rí lórí ọjà kékeré tí à ń fi ọ̀rá dúdú bò yìí ni mo fẹ́ kọ, títí kan ti inú ilé èmi fúnra mi, èyí tó pẹ́ gan-an kí n tó lè la ẹnu sọ.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ni mo ti kọ́ṣẹ́, nítòsí Ọjà Ìgbọ̀nà. Inú páálí mílíìkì lábẹ́ àga ni wọ́n ń kó kọ́ńdọ́ọ̀mù sí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ọmọlúwàbí ni tàwọn, ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn kó bèèrè, kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni mí lọ́dún 1997 tí Fẹlá kú. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ló kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló wà nídìí ikú àbúrò òun. Ọdún 1986 ni wọ́n ti kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, lójú àwa, àrùn òyìnbó ni, tàbí ti àwọn tó lọ sí Àbíjàn.

Ṣọ́ọ̀bù wa pín sí méjì lọ́jọ́ náà. Dẹ́rẹ́bà kan ní irọ́ ni, pé ìyà tí àwọn sójà fi jẹ ẹ́ ló pa á. Ìyá alákàrà tó wá ra oògùn ikọ́ ní ẹ̀gbọ́n ẹni ò ní purọ́ irú ìyẹn mọ́ àbúrò ẹ̀. Àǹtí mi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò rí páálí mílíìkì lábẹ́ àga mọ́. Orí pẹpẹ ni mo bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ikọ́, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

Nígbà tí èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo pinnu pé mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Mo ra àpótí oníjígí, mo to kọ́ńdọ́ọ̀mù síbi tí ẹni tó bá ń kọjá á ti rí i. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Ibi tí mo gbé àpótí náà sí ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé sí tààrà, bẹ́ẹ̀ páànù òrùlé mi kò ní sílíìnì nígbà náà. Ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe ń gbóná lóṣù kejì sí oṣù kẹta. Páálí àwọn nǹkan náà ṣá, pupa ara wọn di bíi sóbò tí wọ́n bomi là. Mo ń rí i o. Mo rò pé páálí lásán ló ṣá.

Bọ̀dá kan tó ń ṣe wẹ́dà nísàlẹ̀ àdúgbò ń rà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ oṣù méje lọ́wọ́, wọn ò sì fẹ́ oyún mìíràn nísinsìnyí. Láyé àtijọ́, ìyàwó tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rárá títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú, ó lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn nínú yàrá kan ṣoṣo tí tọkọtaya jọ ń gbé? Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dé, kò dúró dìgbà tí èrò á tán.

"Dókítà, ọjà yín já mi kulẹ̀ o."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ́ mọ́ wọn lára. Ìyàwó ti lóyún. Gbogbo ẹni tó wà ní káńtà yíjú sí mi. Mo bi í bó ṣe lò ó. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti bímọ ni ara ẹ̀ ti máa ń gbẹ, tó ń dùn ún, nítorí náà àwọn máa ń fi Vaseline sí i kó lè yọ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Dókítà, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: mo ní Vaseline dáa, bóyá kò pọ̀ tó ni.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn kí nọ́ọ̀sì kan tó kó àwa tí à ń ta oògùn jọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan, láti dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfètò sí ọmọ bíbí. Ó ní oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ńdọ́ọ̀mù, àti pé ọ̀tá rẹ̀ ni òróró. Vaseline, òrí, àdí àgbọn, ìpara, òróró tí à ń fi dín ẹran, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Tí èèyàn bá fẹ́ kó yọ̀, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ni kó rà. Lẹ́yìn náà ló bi wá bóyá a ti gbàgbé rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó sójú fèrèsé rí, kí a wá fà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. "Ohun tí oòrùn ṣe fún rọ́bà yẹn náà ló ń ṣe fún èyí tí ẹ tò sínú jígí." Mo rántí páálí aláwọ̀ sóbò. Ara mi tutù. Ọdún márùn-ún tí wọ́n sábà máa ń fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ abẹ́ páànù ní Òkè-Baálẹ̀. Wọn ò sì sọ àpò ìdí ṣòkòtò, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń jókòó lé e lórí nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì títí yóò fi rí pẹlẹbẹ.

Nítorí náà, èmi àti Vaseline la jọ ṣe bọ̀dá wẹ́dà. Ọmọ náà ti wà ní girama báyìí. Ó máa ń wá ra bisikíìtì lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè gba owó rẹ̀ pé láéláé. Bàbá rẹ̀ rò pé mo kàn lawọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì yẹn mú àgbagbà tútù kan jáde nínú báàgì. Ìyá ìjọ kan tó jókòó níwájú mi fọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wò láàárín ìka. Ká kọ́kọ́ wo déètì. Ká fi ìka tẹ ọ̀rá rẹ̀ kí a gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní afẹ́fẹ́ ti lu. Ká tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó fọwọ́ ya á. Ó ní ẹni tó fi eyín já a, eyín rẹ̀ ni kó bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká wo ibi tó ń gbà tú, bí ẹni fẹ́ dé fìlà. Tó bá jẹ́ òdì la kọ́kọ́ gbé e lé, a ò gbọdọ̀ yí i padà, ṣe la máa jù ú nù ká mú òmíràn, torí omi ara ọkùnrin ti lè wà lójú rẹ̀. Ká fún orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wà níbẹ̀, ká wá tú u wálẹ̀ títí dé ìdí. Kí ara tó kan ara rárá ni o, kì í ṣe nígbà tí ó bá kù díẹ̀. Tó bá sì parí, kí ọkùnrin di ìdí rẹ̀ mú kó tó fà jáde, kó má dúró dìgbà tí nǹkan rẹ̀ bá rọ̀.

Ẹnì kan bèèrè bóyá kí a wọ méjì fún ẹni tó ń bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì ní méjì á máa ha ara wọn ni, ọ̀kan ló tó. Òun náà ò sì purọ́ fún wa pé kò sí ohun tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: egbò rẹkórẹkó lè wà níbi tí rọ́bà kò bò. Ṣùgbọ́n kòkòrò HIV tó ń fa éèdì, àtọ̀sí, àti chlamydia tó jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ bíi tirẹ̀, ó ń dènà wọn gidi tí a bá ń lò ó nígbà gbogbo.

Ó wá dárúkọ iye kan tí mi ò lè gbàgbé. Nínú 100 obìnrin tí ọkọ wọn ń lò ó bó ṣe yẹ gan-an, ní gbogbo ìgbà, nǹkan bí 2 ló ń lóyún lọ́dún kan. Nínú 100 tí àwọn ọkọ wọn ń lò ó bí àwa èèyàn ṣe ń lo nǹkan, ó di 13. Mo mọ ohun tó wà láàárín 2 àti 13 yẹn, torí iwájú mi ló ń kọjá. Ìkánjú wà níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀. Vaseline wà níbẹ̀. Ọ̀rá dúdú gan-an wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń sá fún ojú èèyàn kì í dúró gba àlàyé. Á gba ọjà, á sá. Ẹni tó wá ra ẹ̀rọ ìlọta pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa bi mí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wá ra Postinor, oògùn tó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀, lọ́wọ́ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò mú oògùn náà wá kíákíá. Mo fà á sẹ́yìn káńtà.

"Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Òun ni kò fẹ́ fi nǹkan sí i."

"Kí ló wí?"

"Ó ní wọn kì í jẹ súwíìtì tòun tọ̀rá."

Mo ní, "Súwíìtì kì í kó àtọ̀sí ranni."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì dé ojú rẹ̀. Mo sọ fún un pé oògùn yẹn, fún ọjọ́ ìjàm̀bá ni. Kó lò ó kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Kò rí nǹkan kan ṣe sí àrùn. Omi iyọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó mu kò rí nǹkan kan ṣe sí ìkankan nínú méjèèjì. Mo fi kọ́ńdọ́ọ̀mù ti obìnrin hàn án, èyí tí obìnrin lè ki sí ara rẹ̀ títí dé wákàtí mẹ́jọ ṣáájú, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ó tú u wò, ó ní, "Háà, Àǹtí, ó tóbi!" ó sì dá a padà. Ká sọ òtítọ́, bóyá ẹyọ mẹ́rin ni mo tíì tà nínú ìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀.

Ohun tó bà á lẹ́rù kì í ṣe ọmọkùnrin náà. Ó ní tí òun bá mú rọ́bà jáde nínú báàgì òun, á bèèrè ẹni tí òun rà á dè. Mo ní kó má mú un jáde nígbà tí iná bá ti kú. Ọ̀sán gangan, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ni kó ti sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye owó ọkọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe é. Ó ra páálí kan. Ó gba ọ̀rá dúdú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọkùnrin kan wá, tó ní tí òun bá ń tọ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fi ata sí i ni, àti pé nǹkan funfun ń jáde. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Mi ò bèèrè. Ó ní kí n fún òun ní kápúsù pupa-àti-yẹ́lò. Láyé àǹtí mi, ohun tí à bá fún un nìyẹn, á sì lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí ti mọwọ́ àwọn oògùn àtijọ́ wọ̀nyẹn, kò bẹ̀rù wọn mọ́. Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó yẹ, kó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání. Inú bí i. Mo ń wò ó báyìí tó fi kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọkùnrin ló rí àmì, ó dáa fún un. Obìnrin lè gbé àtọ̀sí tàbí chlamydia fún oṣù mélòó kan, kí ara rẹ̀ má sọ nǹkan kan fún un, kí ó sì máa dí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá. Mo máa ń ronú nípa èyí lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò kún ìlú wa láti ibi gbogbo dé Brazil. Ìyá tó ń tọrọ ọmọ á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú kèrègbè rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ ọmọ á wá bá mi nírọ̀lẹ́. Èmi á sì máa wo ẹni àárọ̀ yẹn, mi ò ní lè má rò ó bóyá ẹnì kan tà kápúsù fún un rí lọ́dún náà lọ́hùn-ún.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Lọ́dún 2014, Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Àbújá. Ó lè sùn síta ní òru mẹ́ta, mẹ́rin. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nísàlẹ̀ ìdodo, ibà sì ń gbé mi lóru. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo mú oògùn kúrò lórí pẹpẹ ara mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tí mi ò ní jẹ́ kí oníbàárà mi kankan ṣe. Ìgbà tí mi ò lè nàró mọ́ ni mo lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré sí mi gan-an. Ó wo ìwé àyẹ̀wò, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Mà, ẹ máa ní láti mú Dádì wá."

Àtọ̀sí ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún HIV náà, mo sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mò ń dúró de èsì. Mi ò rí àdúrà kankan gbà níbẹ̀. Ohun tí mò ń kà lọ́kàn ni iye páálí tí mo ti tà láti ọdún 2009, tí ẹyọ kan ṣoṣo kò sì dé ilé mi rí. Èsì ní kò sí kòkòrò náà lára mi. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ó lè jẹ́ pé kò tíì hàn.

Mo dúró kí àwọn ọmọ sùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, dókítà ní ká jọ wá gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kí ni? Ṣé o fẹ́ sọ pé mò ń ṣe ìṣekúṣe ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ló ní ká jọ wá."

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tó ti ra epo: "Mo ti gba tèmi ní Lọ́kọ́ja."

Ó ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ló ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tó wálé, tó bá mi sùn, tí mo sì ti dá a padà fún un láìmọ̀. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń ní kí tọkọtaya jọ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì yàgò fún ara wọn fún ọjọ́ méje, mo ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà bí ẹni kọrin. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń dun èèyàn nìyẹn.

Mo kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ti darúgbó, wọn ò ta oògùn mọ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń tà á, kí ló dé tí kò sí nílé rẹ?"

Mo ní, "Wọ́n á ní mi ò gba ọkọ mi gbọ́ ni."

Wọ́n ní, "Ṣé o gbà á gbọ́?"

Mi ò fèsì. Àwọn náà ò tún un bèèrè.

Nígbà tí mo padà sílé, tí àwa méjèèjì gba ìtọ́jú, mi ò tún bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ àìsàn mọ́. Abẹ́rẹ́ ìfètò sí ọmọ bíbí tí mò ń gbà nígbà náà ń da nǹkan oṣù mi rú, ẹ̀jẹ̀ á kàn máa wá bó ṣe wù ú. Ìyẹn ni mo gbá mú. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lo rọ́bà, kí ọmọ kẹrin má wọlé lójijì." Ó gbà lọ́jọ́ náà. Nítorí owó iléèwé ló fi gbà, kò gbà nítorí Àbújá. Inú mi ò dùn sí i pé ẹ̀bùrú ni mo gbà wọlé, mo sì ṣì ń rò ó pé ọkùnrin kò yẹ kó nílò ẹ̀bùrú kó tó dáàbò bo ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wọlé. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé lọ́gbọ́n yìí láti ìgbà náà, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ fún àforíjì.

Òdì ló kọ́kọ́ gbé e lé. Ó fẹ́ yí i, mo ní rárá, kó mú òmíràn. Ó fẹ́ fi eyín já ìyẹn, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó ń wò mí.

"Níbo lo ti kọ́ gbogbo èyí?"

"Ilé ìwòsàn. Àgbagbà ni wọ́n fi kọ́ wa."

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi jẹ dòdò nílé mi.

Ká má purọ́, a ò pé 100 nínú 100. Òru ọjọ́ kan wà nínú oṣù Kejìlá tí rọ́bà kò sí nílé, tí èmi tí mo ní odidi páálí ní ṣọ́ọ̀bù kò sì lè jáde lọ mú un. Láàárọ̀, mo dúró sẹ́yìn káńtà mi, mo ń ka wákàtí, mo sì ta Postinor fún ara mi. Lọ́dún 2016 mo lọ fi ọ̀pá tín-tìn-tín yẹn sábẹ́ awọ apá, èyí tó ń lò tó ọdún márùn-ún, kí ọ̀rọ̀ oyún lè kúrò ńlẹ̀. Rọ́bà ṣì wà fún ìyókù, títí ó fi fi ojú ọ̀nà Àbújá sílẹ̀ lọ́dún 2019 tí a jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ọ̀pá náà pé lọ́dún 2021, mo yọ ọ́, mi ò fi òmíràn sí i, a padà sí rọ́bà.

Mo ti kan sílíìnì. Àpótí oníjígí ti kúrò lójú oòrùn. Ọ̀rá dúdú ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò bá a jà mọ́. Mo fọwọ́ kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sínú ìwé péńpé kan, ní Yorùbá, láti orí déètì dé orí dídi ìdí rẹ̀ mú, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ géètì yunifásítì. Ẹni tó bá ní kí n fi í sínú ọ̀rá dúdú, màá fi ìwé náà sí i. Ọmọkùnrin kan padà wá sọ fún mi pé mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ nínú rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó kà á.

Bàbá Bọ́lá ń wá mú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, ní ìrọ̀lẹ́, tí èrò bá ti dín kù. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè pẹ̀lú ti àwọn yòókù: páálí mẹ́rin láti oṣù tó kọjá, kò tíì san kọ́bọ̀. Á wẹ̀yìn, á wo títì, á ní kí n bá òun fi sínú ọ̀rá dúdú.